Ṣé Ẹ Mọ̀? Odi Ọ̀yọ́-Ilé Ṣì Wà Nínú Igbó

Ṣé ẹ mọ̀ pé odi Mycenae, ìlú àtijọ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò ayé nílẹ̀ Gíríìsì, kò ju nǹkan bíi kìlómítà kan lọ béèyàn bá rìn ín po? Ẹni tó bá fẹ́ lọ wò ó sábà máa ń wọ̀ sí Nafplio, ìlú kékeré kan létí òkun tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe olú-ìlú Gíríìsì rí, kí wọ́n tó gbé ìjọba lọ sí Athens ní 1834. Láàárọ̀, wọ́n á wọkọ̀ lọ wo ahoro. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á padà wá jẹ ẹja létí omi. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún. Owó ń wọlé fún ará ìlú, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ń fojú ara wọn rí iṣẹ́ ọwọ́ baba ńlá wọn.

Odi Ọ̀yọ́-Ilé ńkọ́? Òyìnbó tó dé ibẹ̀ ní 1826, nígbà tí ìlú ṣì dúró, fojú díwọ̀n rẹ̀ sí máìlì 15 yípo. Ìyẹn ju kìlómítà 24 lọ. Ó ní ẹnubodè mẹ́wàá ló wà lára odi náà, pé amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, pé gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 20, pé yàrà yí i po, igbó dídí sì tún wà lẹ́yìn yàrà. Béèyàn bá gbé gbogbo Mycenae sínú odi yìí, igun kan ṣoṣo ni yóò gbà.

Ibẹ̀ kò sì jìnnà sí wa. Ẹni tó bá ti Ìrẹsà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ kọjú sí àríwá, tó gba ìhà Ìkòyí-Ilé lọ, yóò dé Ìgbẹ́tì, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọlọ́runṣògo. Ìgbẹ́tì ni Nafplio tiwa, àfi pé òkè ló yí tiwa ká níbi tí òkun gbé yí tiwọn ká. Òkúta mábù ni àwọn ará Gíríìsì fi kọ́ Parthenon, tẹ́ńpìlì ńlá orí òkè Athens tí gbogbo ayé ń lọ ya fọ́tò rẹ̀. Òkúta mábù náà ni wọ́n ń wà nílẹ̀ Ìgbẹ́tì. Ọlọ́run kò fi nǹkan kan dù wá.

Ta ni òyìnbó tó ka ẹnubodè? Hugh Clapperton ni, ọmọ Scotland, ọ̀gá nínú iṣẹ́ ogun ojú omi. Ní ìparí 1825 ló gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú Richard Lander, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, àtàwọn òyìnbó mìíràn tí ibà pa lójú ọ̀nà. Oṣù Kìn-ín-ní 1826 ló wọ Ọ̀yọ́-Ilé, tí àwọn Hausa ń pè ní Katunga. Aláàfin Májòtú ló gbà á lálejò, kò sì tètè jẹ́ kó lọ. Oṣù Kẹta ló tó rí ọ̀nà jáde. Nínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀, ó kọ ọ́ pé ààfin àti ilé àwọn ayaba gba ilẹ̀ tó máìlì kan níbùú lóròó. Ó rí òpó àti ilẹ̀kùn tí wọ́n gbẹ́ àwòrán sí lára: òjòlá tó ń pa ẹran igbó, jagunjagun tó tò lọ bí ọ̀wọ́ pẹ̀lú onílù lẹ́yìn wọn. Ó rí ọjà méje tí wọ́n ń ná ní ìrọ̀lẹ́: iṣu, àgbàdo, ọ̀gẹ̀dẹ̀, òrí, ẹ̀gúsí, ewúrẹ́, adìyẹ, aṣọ òfì àti irinṣẹ́ oko. Kí a tó rí ìwé ìròyìn kankan nílẹ̀ Yorùbá, ẹnì kan ti kọ ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà Ọ̀yọ́-Ilé sílẹ̀.

Nígbà tí Clapperton béèrè iye ayaba Aláàfin, Kábíyèsí dá a lóhùn pé òun ò lè ka iye wọn. Ó ní bí wọ́n bá to ara wọn láti Ọ̀yọ́-Ilé, tí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, ìlà wọn yóò dé Ìjánná. Ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, nítòsí Ìlaròó, ni Ìjánná wà. Ẹ wo àwòrán ilẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé Kábíyèsí mọ bí a ṣe ń dá àlejò lára yá.

Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo àkọsílẹ̀ ọkùnrin yẹn ni eré kan tó wò níwájú ààfin lóṣù Kejì 1826. Ṣé ẹ mọ̀ pé àkọsílẹ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ mú gẹ́gẹ́ bí èyí tó pẹ́ jù tí àlejò kọ nípa eré ìtàgé Yorùbá? Apá mẹ́ta ni eré náà pín sí. Àwọn tó wọ àpò ló kọ́kọ́ jáde, wọ́n ń jó, wọ́n ń tàkìtì, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò lójú tí a lè rí. Lẹ́yìn náà ni òjòlá jáde, ejò gígùn tí wọ́n fi aṣọ ṣe, ó ń la ẹnu, ó ń pa ẹnu dé, ó ń lé àwọn èèyàn kiri títí tí ẹnì kan fi fi idà kọ lù ú, tó sì ń ká ara kò bí ohun tó ń kú lọ. Apá kẹta ni wọ́n gbé òyìnbó jáde. Aṣọ ń ṣí díẹ̀díẹ̀, orí funfun yọ, ara funfun yọ, ó tín-ín-rín, ó dà bí ẹni tí òtútù ń pa. Ó ń rìn bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí láyé rẹ̀, ó ń fín áṣáà, ó sì ń fi ọwọ́ ra ọwọ́. Ariwo ta. Gbogbo àwùjọ ń wo eégún, wọ́n tún ń wo Clapperton, wọ́n ń bi í bóyá ó jọ ọ́ tàbí kò jọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ gbà pé ó jọ ọ́.

Ẹ rò ó wò. Òyìnbó rò pé òun wá wo àwọn ará Ọ̀yọ́ ni. Àwọn ará Ọ̀yọ́ ti wò ó tán, wọ́n ti mọ ìrìn rẹ̀, wọ́n ti fi ṣe eré, kò sì tíì lo oṣù kan láàárín wọn. Ọpọlọ àwọn eégún aláré wa nìyẹn, ó sì yẹ kí ọmọ Yorùbá tó bá ń ṣe fíìmù lónìí mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ní orírun tó ní ọjọ́, oṣù àti ọdún.

Orírun náà tilẹ̀ jìn ju 1826 lọ. Joel Adédèjì, onímọ̀ eré ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn, wá a lọ títí, ó sì so ó mọ́ ìtàn Aláàfin Abípa. Ìtàn náà rèé bí Samuel Johnson ṣe gbà á sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Àwọn Tápà ti lé Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, ìjọba sì ti wà ní Ìgbòho fún ìran mélòó kan. Abípa fẹ́ kó ìlú padà sílé. Àwọn ìjòyè kò fẹ́, torí wọ́n ti kọ́ ilé, oko wọn sì ti gbilẹ̀ ní Ìgbòho. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọba fẹ́ rán àwọn èèyàn lọ wo ahoro, wọ́n yára kó abuké, àfín, adẹ́tẹ̀, aràrá àti arọ lọ síbẹ̀ ṣáájú, kí wọ́n máa gbé iná kiri lórí òkè lóru, kí wọ́n máa pariwo pé kò sí àyè fún èèyàn mọ́. Àwọn ońṣẹ́ ọba sá padà wá ròyìn pé ọ̀rọ̀, ìyẹn iwin, ti gba ìlú. Abípa fura. Ó yan àwọn ọdẹ tó láyà, ó ní kí wọ́n lọ mú àwọn ọ̀rọ̀ náà wá fún òun. Wọ́n mú wọn wá láàyè. Ọba kò bínú lójú ayé. Ó kó wọn pamọ́ sí ààfin, ó pe àwọn ìjòyè síbi àsè, ó sì jẹ́ kí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí gbé ọtí jáde, kálukú níwájú ìjòyè tó rán an. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ọba Mọ́rọ̀. Ó kó ìlú padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Ẹ wá wò ó: láti orí òkè ahoro yìí ni Adédèjì ti rí ìbẹ̀rẹ̀ eégún aláré.

Ṣé ẹ mọ̀ pé Aláàfin mẹ́rin ló sùn sí Ìgbòho? Òfinràn, Eguguojú, Òròǹpọ̀tọ̀ àti Ajíbóyèdé ni wọ́n. Igbó Ọba tí wọ́n sin wọ́n sí wà níbẹ̀ títí dòní, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀rẹ́lópé. Ẹni tó bá lọ sí Ìgbẹ́tì kò gbọdọ̀ padà láìyà síbẹ̀. Àwọn òpìtàn kan sọ pé obìnrin ni Òròǹpọ̀tọ̀. Bó ti wù kó jẹ́, ìtàn gbà pé ó mọ ogun jà: ó ní kí wọ́n máa so ewé fífẹ̀ mọ́ ìrù àwọn ẹṣin tó wà lẹ́yìn pátápátá, kí ewé máa gbá ojú ọ̀nà, kí ọ̀tá má baà rí ipa ẹsẹ̀ ogun.

Ẹṣin ló sọ Ọ̀yọ́ di Ọ̀yọ́. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Ọ̀yọ́-Ilé wà, níbi tí eṣinṣin tsetse tí ń pa ẹṣin kò ti pọ̀ tó ti inú igbó kìjikìji. Láti òkè ọya ni wọ́n ti ń ra ẹṣin wọ̀nyí, ọrọ̀ ńlá ni wọ́n sì ń ná lé wọn lórí. Ní 1698 àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ti dé Alada, ní ìlú olómìnira Benin òde òní, wọ́n sì fọ́ ọ. Láti 1726 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lu Dahomey, títí tí Dahomey fi ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Aláàfin lọ́dọọdún. Ìgbà Ọba Gezo, ní àwọn ọdún 1820, ni Dahomey tó bọ́ ọrùn kúrò. Ìlú tó jìnnà sí òkun tó bẹ́ẹ̀ ń gba ìṣákọ́lẹ̀ létí òkun. Robin Law, òpìtàn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, fi odindi ìwé kan ṣàlàyé bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1977.

A kò gbọdọ̀ fi ohun tó burú pamọ́ síbẹ̀. Ọ̀nà tí ẹṣin ń gbà lọ sí òkun, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń kó ẹrú gbà. Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì ni ilẹ̀kùn. Nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í túká, tí ogun ń jà láti Ìlọrin títí wọ ìgbèríko, àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ fúnra wọn ni wọ́n ń kó sínú ọkọ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn dé Bahia, lórílẹ̀-èdè Bràsíl.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ará Ìrẹsà gbé etí sílẹ̀ rèé. Láyé Ọ̀yọ́-Ilé, wọ́n pín ilẹ̀ Ọ̀yọ́ sí ẹkùn. Nínú Ẹkùn Òsì, Oníkòyí ni olórí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Olúgbọ́n wà ní Ìgbọ́n, Arẹsà ní Ìrẹsà, Ọ̀ńpetu ní Ìjẹ̀rù, Ọlọ́fà ní Ọ̀fà. Ọba aládé tó lórúkọ ni Arẹsà, orúkọ rẹ̀ àti ti Olúgbọ́n kì í kúrò lẹ́nu akéwì àti onírárà. Lónìí, Ìrẹsà-Adú ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Surulérè, Ìrẹsà-Apá wà nítòsí rẹ̀, ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá sì lè máà mọ̀ pé òun ti kọjá lágbègbè ìlú ńlá láéláé.

Ṣé ẹ mọ̀ pé oyè Arẹsà wà ní Bahia? Ní 1910, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Mãe Aninha dá ilé òrìṣà kan sílẹ̀ nílùú Salvador, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní Ilê Axé Opô Afonjá. Ilé Ṣàngó ni. Ní àwọn ọdún 1930, òun àti Martiniano do Bonfim, ọmọ ẹrú tó ti wá sí Èkó kọ́ ẹ̀kọ́ nígbà èwe rẹ̀, dá oyè méjìlá sílẹ̀ fún àwọn tí yóò máa ran Ṣàngó lọ́wọ́. Mẹ́fà wà lọ́wọ́ ọ̀tún, mẹ́fà wà lọ́wọ́ òsì. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ díẹ̀ nínú àwọn tọwọ́ òsì, bí wọ́n ti ń kọ wọ́n ní Bràsíl: Onikoyi, Olugbon, Aressá. Òsì náà ni wọ́n wà nílé, òsì náà ni wọ́n bá wọn dé ìdálẹ̀. Òkun kò dà wọ́n rú. Dorival Caymmi, gbajúmọ̀ olórin ilẹ̀ Bràsíl, jẹ oyè Onikoyi nínú ilé náà. Jorge Amado, òǹkọ̀wé tí wọ́n ti túmọ̀ ìwé rẹ̀ sí èdè púpọ̀, jẹ oyè Arolu.

Mo máa ń ronú nípa ẹni tó kọ́kọ́ gbé orúkọ Arẹsà gba orí òkun lọ. Wọ́n ti gba aṣọ lára rẹ̀, wọ́n ti gba òmìnira rẹ̀, bóyá wọ́n ti gba orúkọ òun fúnra rẹ̀ pàápàá. Síbẹ̀ ó rántí ètò ìjọba, ó rántí ọwọ́ tí oyè kọ̀ọ̀kan wà, ó sì sọ ọ́ fún ọmọ. Bí ẹni tó wà nínú ìdè bá lè ṣe èyí, kí ló dé tí ọmọ tí a bí sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò fi ní mọ ibi tí ààfin tí Arẹsà ti ń wá dọ̀bálẹ̀ wà?

Ẹ jẹ́ ká padà sí ààfin náà. Ṣé ẹ mọ̀ pé obìnrin kan wà tí Aláàfin ń kúnlẹ̀ kí, tó sì ń pè ní Baba? Ìyámọdẹ ni oyè rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa bọ ẹ̀mí àwọn Aláàfin tó ti wàjà, òun náà sì ń kúnlẹ̀ láti dá ọba lóhùn, kò ní ṣe ìyíkàá bí obìnrin yòókù. Bàrà, níbi tí wọ́n ti ń sin àwọn Aláàfin, wà lẹ́yìn odi Ọ̀yọ́-Ilé. Ọba ń lọ síbẹ̀ nígbà tó bá ń gorí oyè. Lẹ́yìn ìyẹn, kò tún ní fojú kàn án mọ́ láyé rẹ̀. Ọjọ́ tí yóò padà débẹ̀, àwọn ẹlòmíràn ni yóò gbé e lọ. Akínwùmí Ògúndìran, awalẹ̀pìtàn tó tẹ ìwé ńlá kan lórí ìtàn Yorùbá jáde ní 2020, ti ṣiṣẹ́ lágbègbè Ọ̀yọ́-Ilé yìí.

Òun kọ́ ló bẹ̀rẹ̀. Frank Willett walẹ̀ níbẹ̀ ní 1956 àti 1957. Nínú ihò àpáta tí wọ́n ń pè ní Méjìrò, ó rí àwọn òkúta wẹ́wẹ́ tí àwọn èèyàn àtijọ́ là láti fi ṣe ọ̀bẹ àti ẹnu ọfà, nígbà tí irin kò tíì délẹ̀ yìí. Nítorí náà, kí Ọ̀rànmíyàn tó wá tẹ ìlú dó, ẹnì kan ti sá òjò sínú ihò náà. Ní àwọn ọdún 1970, Robert Soper àti Patrick Darling rìn nínú igbó, wọ́n ya àwòrán odi, wọ́n rí i pé odi ibẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n rí kòtò ńlá tí wọ́n gbẹ́ fún omi òjò ládùúgbò ààfin, torí pé ẹni tó bá ní ẹṣin púpọ̀ gbọ́dọ̀ ní omi púpọ̀. Babátúndé Agbájé-Williams, ọmọ Yorùbá tó fi Ọ̀yọ́-Ilé gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Ìbàdàn ní 1983, ka ahoro ilé, ó wọn ilẹ̀, ó sì fojú bù ú pé àwọn tó gbé ibẹ̀ nígbà tí ìlú kún jù yóò wà láàárín 60,000 àti 140,000.

Wàyí o, igi osè. Ọ̀dàn ló ni osè, ó sì wọ́pọ̀ níbi tí èèyàn ti gbé rí ní Ọ̀yọ́-Ilé. Ògúndìran walẹ̀ ní Ẹdẹ-Ilé, ìlú tí Aláàfin rán Tìmì lọ tẹ̀ dó kí ó lè máa ṣọ́ ọ̀nà fún àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́. Igbó ni ilẹ̀ Ẹdẹ. Osè kì í dá hù níbẹ̀. Àmọ́ osè wà ní Ẹdẹ-Ilé, ó dúró gbagidi, torí àwọn ará Ọ̀yọ́ tó lọ tẹ ìlú náà dó gbé e dání lọ. Wọ́n rí egungun ẹṣin níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá kúrò nílé tó sì gbin igi ilé rẹ̀ sí àjò, ó ti sọ fún ayé ẹni tí òun jẹ́.

Báwo ni Ọ̀yọ́-Ilé ṣe wá di igbó? Ìjà àárín Aláàfin àti àwọn ìjòyè ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́ láti inú. Àfọ̀njá ní Ìlọrin kọ̀ láti sìn mọ́, ó pe àwọn Fúlàní sí ogun rẹ̀, àwọn tó pè ló sì gbẹ̀yìn gba ìlú lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Richard Lander padà wá ní 1830 pẹ̀lú John àbúrò rẹ̀, odi ìlú ti ń wó, kò sì sẹ́ni tó ń tún un mọ. Ní nǹkan bí 1836, Aláàfin Olúewu bá àwọn Bàrìbá pawọ́ pọ̀ láti kọ lu Ìlọrin. Ogun Ẹlẹ́duwẹ̀ nìyẹn. Ìlọrin ṣẹ́gun wọn, ọba kú, àwọn tó kù nílùú kó ẹrù wọn, wọ́n sì tú lọ sí gúúsù. Ọ̀pọ̀ wọn wọ Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú náà sì gbòòrò sí i lójijì. Àtìbà, ọmọ Aláàfin Abíọ́dún, gba Àgọ́-Ọ̀jà, ó sọ ọ́ ní Ọ̀yọ́. Ọ̀yọ́ tí a ń wọ ọkọ̀ lọ lónìí nìyẹn. Nǹkan bíi kìlómítà 130 ló wà láàárín òun àti ti àtijọ́.

Ṣé ẹ mọ̀ pé díẹ̀ ló kù kí gbogbo ìtàn yìí sọnù? Pásítọ̀ Samuel Johnson, tó ń ṣiṣẹ́ Ọlọ́run ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Ó fi ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó fún títẹ̀. Ìwé náà sọnù sọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́. Johnson kú ní 1901, kò rí i. Obadiah, àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ dókítà, ló jókòó ti àwọn ìwé àkọsílẹ̀ tó kù, ó sì tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ó jáde ní 1921. Bí kò bá sí àbúrò yìí, a kì bá tí gbọ́ nípa Ọba Mọ́rọ̀ tó báyìí.

Ìwé rí ẹni tún un kọ. Ta ni yóò tún odi mọ? Òkúta ni Mycenae, ó lè dúró de àwọn ọmọ rẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún. Amọ̀ ni Ọ̀yọ́-Ilé. Òjò ń yọ́ ọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ohun tó kù lára odi ni ebè gàgàrà tí igi ti hù lé lórí, pẹ̀lú yàrà tó ti ń dí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àpáàdì ṣì fọ́n ká ilẹ̀. Ibi tí àwọn ìyá wa ti ń lọ ata àti ọkà lórí àpáta ṣì jìn sínú bí ọjọ́ tí wọ́n fi í sílẹ̀.

Ilẹ̀ náà wà nínú Ọgbà Ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé ti ìjọba àpapọ̀, tó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Ní 1936 ni wọ́n kọ́kọ́ pààlà fún igbó Ògùn Òkè, ní 1941 wọ́n pààlà fún ti Ọ̀yọ́-Ilé, ní 1991 ó di ọgbà ìjọba àpapọ̀. Ẹfọ̀n, ìgalà, ẹtu àti ọ̀bọ ń gbé níbi tí àwọn ìjòyè Ọ̀yọ́ Mèsì ti ń jókòó. Odò Ògùn la inú ọgbà náà kọjá. Láti àwọn òkè ẹ̀gbẹ́ Ṣakí ló ti ṣàn wá, nǹkan bíi 480 kìlómítà ló sì ń rìn kó tó dà sínú ọ̀sà Èkó. Ará Èkó tó dúró létí ọ̀sà, omi tó ń wò, apá kan rẹ̀ ti gba ilẹ̀ Ọ̀yọ́-Ilé kọjá.

Ní 1999, àjọ UNESCO kọ orúkọ Mycenae sínú ìwé ibi àjogúnbá gbogbo ayé. Ọdún kan náà ni Sukur, ní Adamawa, wọ̀ ọ́ ní tiwa. Òṣun Òṣogbo wọ̀ ọ́ ní 2005. Orúkọ Ọ̀yọ́-Ilé ti wà lára àwọn tí Nàìjíríà fi sílẹ̀ láti 1995 pé ó ń bọ̀ wá gbà. Ó ṣì wà níbẹ̀. Lójú tèmi, èyí kò dára tó. Ìlú tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ létí òkun kò yẹ lẹ́ni tí ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tó báyìí.

Ẹ̀yin tó bá fẹ́ lọ, ẹ gbọ́. Ẹ má dá wọ igbó náà. Olú ọ́fíìsì ọgbà náà wà ní Ọ̀yọ́, ní Ìṣokùn, lójú ọ̀nà Ìṣẹ́yìn. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fún yín ní ìwé àṣẹ àti ẹ̀ṣọ́ tí yóò tẹ̀ lé yín, kí wọ́n sì sọ fún yín bí ọ̀nà ṣe rí lásìkò náà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù, torí bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, odò á kún, ilẹ̀ á rọ̀, koríko á sì ga bo gbogbo ohun tí ẹ wá wò. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀. Ẹ gbé omi dání. Bí ẹ bá rí àpáàdì, ẹ wò ó, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà, torí awalẹ̀pìtàn kò lè ka àpáàdì tí wọ́n ti ṣí nípò.

Ẹ̀yin olùkọ́ ìtàn ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ìrẹsà, ní Ọ̀yọ́, ní Ìkòyí: àwọn ọmọ tí ẹ ń kọ́ lè sọ orúkọ àwọn ìlú Gíríìsì lẹ́sẹẹsẹ. Kò burú. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, ẹ kó wọn sínú bọ́ọ̀sì, ẹ gba àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà, kí ẹ sì mú wọn lọ rìn létí yàrà Ọ̀yọ́-Ilé nígbà tí odi ṣì ga tó ohun tí a lè fọwọ́ kàn.